Ìlà Kan Nínú Ìwé Ṣókí

"Ìwé ta lo ń kọ yẹn?" ìyá rẹ̀ béèrè láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ti Ṣókí ni, Màámi. Ibà dá a dúbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé."

"O ṣe é, ọmọ mi. Ẹni tó bá ṣoore, ara ẹ̀ ló ṣe é fún."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọmọ Aránṣọ lára. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níléèwé nìyẹn. Ní kíláàsì wọn, bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ló máa ń bá a kọ nóòtì rẹ̀. Òfin olùkọ́ kẹ́mísìrì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oore.

Kí Ṣókí tó dé, Ọmọ Aránṣọ ló máa ń gba ipò kìíní. Ọmọ kékeré tó ń nàgà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan pátákó ló wá gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní báyìí, iléèwé fẹ́ yan ẹnì kan ṣoṣo fún ìdíje sáyẹ́ǹsì, ìdánwò ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa fi yan ẹni náà. Owú Ṣókí ń jẹ ẹ́ gan-an.

Ó dé ibi tí olùkọ́ ní kí wọ́n fa ìlà sí nídìí: ásíìdì la ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì. Ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sódì. "Máàkì méjì péré ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Kò ní pa ẹnikẹ́ni."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìwé náà lọ fún Ṣókí nílé. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ṣókí dé, ó rù hangogo. "O ṣeun o," ló wí. "Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí."

Olùkọ́ wọlé. "Ẹ kó bírò yín pamọ́. Ọwọ́ la máa fi ṣe tòní. Ṣókí, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀: po ásíìdì yìí pọ̀ mọ́ omi."

Bí olùkọ́ ṣe kọjú sí pátákó, Ṣókí ti da ásíìdì sínú ife gíláàsì, ó sì gbé jọ́ọ̀gì omi. Ọmọ Aránṣọ rí i. Olùkọ́ ti sọ fún wọn nígbà tí Ṣókí kò sí níbẹ̀: bí a bá da omi sínú ásíìdì, ó máa ń hó, ó sì máa ń ta síni lójú. Bí Ọmọ Aránṣọ bá dákẹ́, òun ni wọ́n máa mú lọ síbi ìdíje.

"Ṣókí, má dà á!" Ó fò dìde, ó já jọ́ọ̀gì náà gbà, omi sì dà sí wọn lára.

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" olùkọ́ bi Ṣókí. Ṣókí ṣí ìwé rẹ̀. Olùkọ́ kà á, ó sì wo ojú Ọmọ Aránṣọ, torí ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.

"Ó ṣèèṣì ni, sà," Ṣókí yára sọ. "Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù màmá ẹ̀ ló máa ti mú kó rẹ̀ ẹ́."

Ẹgba kì bá dun Ọmọ Aránṣọ tó bẹ́ẹ̀. "Mi ò ṣèèṣì, sà," ló wí pẹ̀lú ẹkún. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Owú ẹ̀ ló ń jẹ mí."

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn. Ṣókí kó lọ sórí bẹ́ǹṣì mìíràn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ibà wá dá Ọmọ Aránṣọ náà dúbúlẹ̀, tó padà síléèwé, ó bá ìwé rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ṣókí ti bá a kọ gbogbo nóòtì rẹ̀. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó ń wá àṣìṣe, kò rí ẹyọ kan.

Bí owú bá ń jẹ ọ́, ìwé tìrẹ ni kó o tẹra mọ́. Má fọwọ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n eérú Ọmọ Aránṣọ ì bá ti fọ́ ojú Ṣókí kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó dà á.