Ìlà Funfun Lọ́rùn Aṣọ

"Olódo ni ọmọ rẹ! Olódo paraku! Ta ló rán ìwọ agbálẹ̀ ilé-ìwòsàn ní ilé-ìwé olówó?"

Aránṣọ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí, nínú ilé kan náà tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹ̀rín ló ń rín o, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Owú ni! Nígbà tí ọmọ àwọn méjèèjì jọ wà ní ilé-ìwé àdúgbò, ọmọ agbálẹ̀ ló máa ń kọ́ ọmọ tirẹ̀ ní ìṣirò.

Agbálẹ̀ kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ má bínú. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run ni. Wọ́n ní bó bá tún fìdí rẹmi, àwọn á lé e."

"Kí wọ́n lé e! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà!"

Ẹ gbọ́ ohun tí ìkà obìnrin yìí ṣe. Ní ilé-ìwé olówó náà, tí ọmọ aránṣọ ti kọ́kọ́ wọ̀ kí ti agbálẹ̀ tó dé, ìlà funfun máa ń yí ọrùn aṣọ àwọn ọmọ tó ń sanwó ká. Àwọn tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní in. Ọlọ́rùn funfun ló ń jókòó níwájú, òun ni tíṣà ń pè sí pátákó, ìwé tirẹ̀ ni tíṣà ń wò. Àwọn tó kù wà lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n ní nǹkan kan, títí àwọn fúnra wọn á fi gbà pé àwọn ò mọ nǹkan kan. Aránṣọ yìí ló ń rán aṣọ gbogbo wọn. Agbálẹ̀ ń sanwó pé bíi ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n aránṣọ mọ̀ọ́mọ̀ rán aṣọ ọmọ náà láìfi ìlà sí i! Nígbà tí ìyá ọmọ bi í, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán an fún ọmọ tuntun."

Àṣé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ọkọ wọn, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣèèṣì pààrọ̀ aṣọ àwọn ọmọ méjèèjì nígbà tó ń wọ̀ ọ́ fún wọn. Tíṣà tuntun ló sì wọ kíláàsì lọ́jọ́ náà, tí kò mọ ẹnì kankan. Ó wo ọrùn aṣọ, ó pín wọn jókòó.

Nígbà ìsinmi, ọmọ aránṣọ sá wá bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. "Mọ́mì, wọ́n lé mi sẹ́yìn!"

Àfi gìrì tí aránṣọ já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé! Agbálẹ̀ wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lé ọmọ òun.

"Ọmọ mi kì í ṣe ọmọ ọ̀fẹ́! Aṣọ ọmọ obìnrin yìí ni wọ́n wọ̀ fún un! Èmi tí mo rán an láìfi ìlà sí i, ṣé mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi ni?"

Ọ̀gá ṣí ìwé owó ilé-ìwé wò.

"Ìyá yìí ń sanwó pé," ni ọ̀gá wí. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi rán aṣọ ọmọ ọ̀fẹ́ fún ọmọ rẹ̀?"

Ibẹ̀ ni tíṣà tuntun ti mú ọmọ agbálẹ̀ wọlé. "Ọ̀gá, ọmọ yìí nìkan ló yanjú gbogbo ìṣirò tí mo kọ sójú pátákó."

Agbálẹ̀ dìde nílẹ̀. "Ìyálé mi! Ọmọ tó ń kọ́ ọmọ yín! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di olódo!"

Ojú ti ọ̀gá náà, nítorí ta ló ní kí wọ́n máa fi ọrùn aṣọ pín ọmọ jókòó, bí kì í bá ṣe òun? Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní lé ọmọ agbálẹ̀ mọ́, kí aránṣọ sì tú ìlà kúrò lára gbogbo aṣọ láìgba kọ́bọ̀, kó tó gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Nílé, aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń fi abẹ tú u, omijé ń bọ́ sórí aṣọ. Aṣọ ọmọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ mú. Ọmọ náà ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ti gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. "Jọ̀ọ́," ló ń sọ fún ọmọ agbálẹ̀, "tún wá kọ́ mi bíi tàtijọ́."