Ẹni Tí Wọ́n Fi Sí Àga Ẹ̀yìn

"Bí o kò bá jẹ́wọ́ lọ́la, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò gbé ọ padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ ní Ọ̀fà. Mo ti sọ tèmi."

Ohùn Obadiah le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ojúlé kejì fi dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Rẹ̀mí, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní àgbàlá. Kò gbójú sókè. Ó ní òun kò lè jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe.

"Tí mo bá purọ́ níwájú tábìlì Olúwa kí n lè ríbi jẹun nínú ilé yìí," ó ní, "oúnjẹ ọ̀hún á há mi lọ́fun."

"Ẹ gbọ́ ẹnu àjẹ́!" Ṣìkẹ́mi, ẹ̀gbọ́n Obadiah, ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. "Obadiah, ẹni tó fẹ́ pa ọ́ ló wá ń fi Olúwa búra fún ọ. Ká ní ìyá wa wà láyé ni!"

Kí ẹ tó bínú sí Ṣìkẹ́mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe fún yín, kí ẹ lè bínú sí i dáadáa. Opó ni. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wá sí Sabon Gari ní Kano ní kékeré, tó kọ́ ọ ní òwò aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjà aṣọ Kantin Kwari wà. Nígbà tí Obadiah gbé Rẹ̀mí níyàwó, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó. Kò sí ẹni tó bú Ṣìkẹ́mi, kò sí ẹni tó febi pa á, ṣùgbọ́n ìlara wọ̀ ọ́ lára bí ìkán ṣe ń wọ igi àjà. Nígbà tí ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, ó lọ ra láyà, ìyẹn tírà tí àwọn Hausa ń fi awọ rán, ó sì tì í bọ inú ìrọ̀rí Rẹ̀mí. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wá gbàdúrà ọdún tuntun nínú ilé, ó ní Ẹ̀mí fi hàn òun pé oògùn tí Rẹ̀mí fẹ́ fi pa ọkọ rẹ̀ wà nínú ìrọ̀rí. Wọ́n ya ìrọ̀rí, tírà já bọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá Ìjọ Adégbọlá dijú, ó fi igi gbé e, wọ́n sì fi kẹrosíìn sun ún níta.

Bí Rẹ̀mí ṣe bọ́ sábẹ́ ìbáwí nìyẹn. Ní ìjọ wọn, ẹni tó bá wà lábẹ́ ìbáwí, àga ẹ̀yìn ni tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Olúwa. Sunday àkọ́kọ́ nínú ọdún nìkan ni wọ́n máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà. Yóò wá síwájú, yóò jẹ́wọ́, ẹni tó fi í sùn yóò sì dì í lọ́wọ́ mú lọ síbi tábìlì, yóò jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé ó ti ronú pìwà dà. Látọdún kan ni àwọn aládùúgbò kò ti jẹ oúnjẹ Rẹ̀mí mọ́. Obìnrin náà ń kí wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ilẹ̀ Sunday àkọ́kọ́ ọdún 1979 mọ́, ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Ṣìkẹ́mi wé gèlè tuntun, nítorí ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Nígbà tí Àlùfáà Olúgbémi ké sí àwọn tó wà lábẹ́ ìbáwí, Rẹ̀mí dìde láti ẹ̀yìn. Inú Ṣìkẹ́mi dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbéraga ti tán, ọkọ̀ ojú irin ti dẹ́rù bà á.

Rẹ̀mí kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Àǹtí Ṣìkẹ́mi, ẹ̀yin lẹ fi mí sùn. Mi ò mọ nǹkan kan nípa tírà yẹn, mi ò sì ní jẹ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ látọdún yẹn ni mo ti kórìíra yín. Mo ti gbàdúrà pé kí ẹ kú. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ní nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Àlùfáà ní kí Ṣìkẹ́mi di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, kí ó sì jẹ́rìí. Ó na ọwọ́, ó fà á padà. Ojú tì í. Ẹni tó ṣẹ̀ ń wé gèlè, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló wá ń tọrọ àforíjì. Bóyá ká ní Rẹ̀mí bú u ni, ì bá rí èsì fọ̀.

"Èmi ni mo rà á," ó ní.

Àlùfáà ní kí ni ó rà.

"Tírà. Èmi ni mo fi sínú ìrọ̀rí. Málàm tó tà á fún mi bi mí pé ẹṣin mélòó ni mo ní. Tírà ọrùn ẹṣin ni. Mo mú un torí pé ó tóbi, ó lè dẹ́rù bà yín."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lójijì, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìjọ tí wọ́n ń jáde lọ wo ẹṣin ọba Kano lọ́dọọdún nígbà Sállà, tí wọ́n mọ ohun tó ń mì lọ́rùn ẹṣin, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó la ojú wo ohun tí wọ́n fi ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́! Bàbá Ìjọ Adégbọlá tẹrí mọ́lẹ̀. Obadiah jáde láti ibi ìjókòó àwọn ọkùnrin, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀. Rẹ̀mí ní kó dìde, ó ní ilé ni àwọn yóò ti sọ ọ́. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ló di Rẹ̀mí lọ́wọ́ mú lọ síbi tábìlì. Ṣìkẹ́mi tú gèlè, ó gba àga ẹ̀yìn lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Obadiah ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òun kò fẹ́ rí i mọ́, òun yóò sanwó ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún fún un. Rẹ̀mí ló dá wọn dúró.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Tí wọ́n bá lọ, ta ni yóò sọ ọ́ fún àwọn tí kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì? Àǹtí, gbogbo ilé tí ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, ẹ padà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó jọ jẹun."

Ṣìkẹ́mi ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ṣùgbọ́n ó fi ẹrù sílẹ̀, ó da ìbòrí borí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojúlé kejì, ilé Fọlákẹ́, ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba omi lọ́wọ́ Rẹ̀mí mọ́. Fọlákẹ́ kí i kú ọdún tuntun, ó sì fa àga fún un.

"Mi ò ní jókòó," Ṣìkẹ́mi ní. "Irọ́ ni mo pa mọ́ Rẹ̀mí. Jọ̀ọ́, pe àwọn tó wà nínú yàrá, kí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi."