Ojú Ta Ló Wà Lórí Orúkọ Àhmádù?

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ jókòó síwájú, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara ti ògiri lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi lónìí. Kì í ṣe ìtàn ẹranko, kì í sì í ṣe ti ọba ayé àtijọ́. Ìtàn ọmọ iléèwé bíi tiyín ni, ọmọ tó pa irọ́ kékeré kan tó rò pé kò ní ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé iwájú ìtàn náà korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

Ọdún 1998 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlọrin, níbi tí kò jìnnà sí àdúgbò Challenge. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó ń gbé òkè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ, pẹ̀lú síkánà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ya fọ́tò wọnú kọ̀ǹpútà, àti ètò kan tí wọ́n fi ń to ìwé ìrántí àwọn tó ń jáde. Tíṣà Jídé nìkan ló mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́, Naimat ló mú, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ sì pé.

"Wo bí wọ́n ṣe tò," Tíṣà Jídé ní, ó nàka sí gíláàsì kọ̀ǹpútà. "Orúkọ mọ́kànlélógójì ti wà níbẹ̀. Abdulkadir ni kìíní, Abdulmumini ni kejì, Àbùbákàr, Ádámù, Àhmádù, Hàlímọ̀tù, títí dé orí Zahrah tó gbẹ̀yìn. Bí fọ́tò náà ṣe gbọdọ̀ wọlé nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni o. Nọ́ńbà ló mọ̀. Fọ́tò karùn-ún ni yóò gbé sórí orúkọ karùn-ún."

"Bí fọ́tò ẹnì kan ò bá sí ńkọ́, sà?"

"Fi ìwé funfun sí àyè rẹ̀. Bí o bá fò ó, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún síwájú. Ojú Zahrah á wá lọ jókòó sórí orúkọ Túndé."

Naimat bú sẹ́rìn-ín. "Túndé á dúpẹ́, sà. Á rẹwà díẹ̀."

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó tún fi hàn án pé ẹ̀rọ náà kò lágbára tó láti gbé gbogbo fọ́tò hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí aláwọ̀ eérú mọ́kànlélógójì ló ń tò sójú gíláàsì, nọ́ńbà ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di ìgbà tí ìwé bá dé ilé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn kí ojú ènìyàn tó yọ níbẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o mọ̀," ó ní, ó gbé àpò ìwé tí àwọn fọ́tò wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Àpò yìí kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Etí gbọ́, ọkàn ò gbà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìsinmi àárín sáà, nígbà tí agogo ìsinmi ọ̀sán lù, Màsúdát ọ̀rẹ́ Naimat yọjú sí fèrèsé. Ọmọ ìlú ni Màsúdát, ẹnu rẹ̀ mú, ẹni tó bá sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ kì í tètè bọ́ nínú rẹ̀.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ṣé o ò ní jẹun mọ́ ni? Gbé àwọn èèyàn yẹn dání, ká lọ wo ojú wọn níbi tí a ti ń mu fúrá."

"Tíṣà ní kò gbọdọ̀ jáde."

"Tíṣà ti lọ ṣe àlùwàlá. Ṣé fọ́tò ń sá lọ ni? Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, "àbí ẹ̀rù ń bà ọ́" yìí ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ju ebi lọ. Naimat gbé àpò náà sábẹ́ híjáàbù, àwọn méjèèjì sì gba ọ̀nà Challenge lọ sábẹ́ igi tí obìnrin Fúlàní kan ti ń ta fúrá, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà. Wọ́n tú fọ́tò sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí irun ẹni yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín sí eyín ẹni yẹn. Wọ́n wá kan fọ́tò Àhmádù.

Ará Òkè-Oyì ni Àhmádù, ọmọ Àáfáà Salahudeen tó ń dáko tó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó mọ ìṣirò bí ẹni mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì nà síta.

"Wo etí!" Màsúdát kígbe. "Bí wọ́n bá di etí yìí mú, wọ́n á gbé e bí ìkòkò!"

Ẹ̀rín gbé Naimat lọ. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti kọlu ife fúrá. Fúrá dà, ó sì bo fọ́tò Àhmádù. Naimat sáré fa ẹ̀gbẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó fi nù ún. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ojú ẹsẹ̀ ni, irú èyí tí kámẹ́rà ń pọ̀ jáde láìní nẹ́gátíìfù. Bó ṣe ń nù ún ni àwọ̀ rẹ̀ ń bá aṣọ lọ. Nígbà tó fi máa gbé ọwọ́ kúrò, imú ti lọ, ojú ti lọ, ẹnu ti lọ. Ó ku kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì àti etí méjì.

Màsúdát dìde. "Èmi ò fọwọ́ kàn án o."

Naimat kó àwọn fọ́tò padà sínú àpò, ó padà sí iléèwé. Bó bá fi ìwé funfun sí àyè karùn-ún, Tíṣà yóò bi í pé fọ́tò Àhmádù dà, àpò tó jáde yóò sì di ọ̀rọ̀. Ó ronú, ó rí ọgbọ́n kan. Ó fi fọ́tò Hàlímọ̀tù sí ipò karùn-ún, ó sún gbogbo àwọn yòókù síwájú, ó sì ya fọ́tò Zahrah lẹ́ẹ̀mejì kí iye rẹ̀ lè pé mọ́kànlélógójì. Ó ní lọ́jọ́ Túsìdeè tí wọ́n bá wọlé padà, òun yóò dọ́gbọ́n sọ fún Àhmádù kó ya òmíràn, òun yóò sì tún gbogbo rẹ̀ tò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́jọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn, Àhmádù fúnra rẹ̀ ló dé, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ti múra láti kírun Jímọ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì Òkè-Oyì.

"Naimat, jọ̀ọ́, ṣé fọ́tò mi ti wọlé?"

"Ó ti wọlé." Bó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó wá fi àwàdà bò ó: "Etí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba inú ẹ̀rọ."

Àhmádù rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀. "Etí ìyá mi ni. Ìyá mi ni mo ń bi ọ́ fún. O mọ̀ pé bàbá mi kì í jẹ́ kí àwòrán wọ ilé wa, ó ní màláíkà kì í wọ ibi tí àwòrán bá wà. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, bàbá mi wá ní bó bá jẹ́ inú ìwé tí wọ́n á máa pa dé ni, òun gbà. Fọ́tò mẹ́rin ni mo yà. Mẹ́ta ti bá fọ́ọ̀mù ìdánwò lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ló kù."

Ẹ gbọ́ o. Fótógíráfà wà lẹ́nu ọ̀nà iléèwé lọ́jọ́ náà. Kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Naimat ìbá sọ. Ṣùgbọ́n ó ní, "Kí màmá fọkàn balẹ̀. Ó dọjọ́ Túsìdeè."

"Ó dọjọ́ Túsìdeè," Àhmádù dáhùn, ó sì lọ.

Àhmádù ò wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Lọ́jọ́ Àìkú, níbi tó ti ń bá bàbá rẹ̀ wa iṣu, ejò ṣán an lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà, wọ́n ń sáré bọ̀ ní Ìlọrin, kò sì bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kó tó di àsìkò ìrun Aláàsárì, wọ́n ti sin ín.

Iléèwé dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò. Tíṣà Jídé pe Naimat sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"A lọ kí wọn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ," ó ní. "Ìyá rẹ̀ ò béèrè owó, kò béèrè oúnjẹ. Ìgbà tí ìwé máa jáde ló ń béèrè. Kò ní àwòrán ọmọ náà kankan. Naimat, fọ́tò Àhmádù wọlé, àbí?"

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Naimat wo àpótí eérú karùn-ún lójú gíláàsì. Ó mọ ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀.

"Ó wọlé, sà."

"Àlìhámúdù lílàhì," Tíṣà náà ní. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ orúkọ Àhmádù: "Ó fi wá sílẹ̀. Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ." Ó da gbogbo rẹ̀ sínú dísíkì, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Oṣù méjì ni Naimat fi ń gbàdúrà pé kí ilé ìtẹ̀wé jóná. Kò jóná. Lọ́jọ́ ìjáde wọn, àwọn òbí kún inú gbọ̀ngán. Àáfáà Salahudeen àti ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú. Wọ́n gbé ìwé kìíní lé Ìyá Àhmádù lọ́wọ́, wọ́n sì ń pín ìyókù fún àwọn tó kù. Ìyá náà ò mọ̀wé, nítorí náà Tíṣà Jídé bá a ṣí i, kò sì wo inú rẹ̀ dáadáa.

Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn títí. Ó gbójú sókè.

"Tíṣà, ọmọ ta nìyí?"

Lẹ́yìn rẹ̀, igbe ti sọ. Ìyá Hàlímọ̀tù ti rí ojú ọmọ tirẹ̀ lókè "Ó fi wá sílẹ̀", ó fi ìwé lulẹ̀, ó ń ké pé ta ló fẹ́ pa òun lọ́mọ. Túndé rí ojú Zahrah lórí orúkọ tirẹ̀, kò sì rí ẹ̀rín rín. Orí orúkọ Màsúdát ni ojú Naimat wà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti orí Àhmádù títí dé orí Túndé, kò sí ẹnì kan tó rí ara rẹ̀ sí àyè rẹ̀.

Tíṣà Jídé yíjú sí Naimat. Naimat rìn lọ síwájú. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àhmádù, ó ṣí ìwé àdúrà rẹ̀, ó yọ fọ́tò náà síta. Láti ọjọ́ fúrá ló ti wà níbẹ̀.

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìyá náà gbà á. Ó fi àtàǹpàkò pa ibi tí ojú yẹ kó wà, ó rọra pa á, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó jí.

"Etí rẹ̀ nìyí," ó ní. "Ṣé ó ṣì wà láyé lọ́jọ́ tó bàjẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o rí i lẹ́yìn ìgbà náà?"

"Mo rí i, mà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó béèrè lọ́wọ́ mi."

"O ò sì sọ fún un."

Àáfáà Salahudeen dìde, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ọmọ yìí," ó sọ fún Naimat, ohùn rẹ̀ ò le rárá, "èmi ni mo kọ̀ kí àwòrán wọlé mi. Mo ti ń fi ìyẹn bá ara mi jà láti oṣù méjì. Èyí tìrẹ, ìwọ ni kí o máa gbé e." Wọ́n jáde. Wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lórí àga, wọ́n mú fọ́tò etí méjì lọ.

Naimat ò bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Màsúdát búra níwájú ọ̀gá iléèwé pé òun ò débi fúrá. Wọ́n ní Tíṣà Jídé ló yẹ kó yẹ iṣẹ́ wò, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n ti kọ̀ǹpútà mọ́ sítọ́ọ̀, eku sì jẹ wáyà rẹ̀. Àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Naimat yege nínú ìdánwò rẹ̀, àmọ́ ó ní ọjọ́ tí èsì náà jáde, òun ò lè wo fọ́tò òun tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ẹni tí fúrá ò lè dà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó dà kọ́ ló ba ayé Naimat jẹ́, ohun tó bò ni. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, nígbà tí kámẹ́rà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ sì ṣì dúró níwájú yín. Ẹni tó bá ní ó di Túsìdeè, ṣé òun ló ni Túsìdeè ni?

Naimat fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, nídìí ọkà bàbà tó ń tà ní ọjà Ìpàtà, lẹ́yìn tó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta. Mo bi í pé ṣé kí n fi orúkọ mìíràn dípò tirẹ̀ bí mo bá ń sọ ọ́ fún yín. Ó mi orí.

"Rárá, bàbá," ó ní. "Mo ti ṣí orúkọ àwọn èèyàn nípò tó. Ẹ fi tèmi sí àyè rẹ̀."