Bẹ́ẹ̀dì Ara Ògiri

Kì í ṣe àlá ni mo fẹ́ rọ́, n kò sì bu iyọ̀ sí i. Fláàtì tí ó ti ṣẹlẹ̀ wà ní Thamesmead, ní London, títí di òní. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá gbà á, kó lọ kan ilẹ̀kùn wò.

Yàrá kan ṣoṣo ni Mọ́wùnmí ní, pẹ̀lú pálọ̀ kékeré tí kò gba bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe kiri Woolwich. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Abẹ́òkúta, ó di dandan kí Leah, ọmọ rẹ̀ tó ti fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà láti kékeré, wá bá a. Ọmọ dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Auntie." Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó ń fẹ́ láyé bí kí ọmọ yìí pe òun ní Mummy.

Ó wá tún yàrá ṣe, kó lè jẹ́ yàrá ìsùn lálẹ́, kó jẹ́ ibi àdúrà lọ́sàn-án. Isaac, káfíńtà kan ní Plumstead, kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ ògiri fún un, èyí tí wọ́n ń gbé dìde láàárọ̀, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ilẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì bá fi sílẹ̀ ni ibi àdúrà. Aládùúrà ni Mọ́wùnmí, onísùtánà funfun. Wòlíì Adégbọlá wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó bọ́ bàtà, ó tan àbẹ́là, ó wọ́n omi sílẹ̀. Ó kìlọ̀ pé ibi tí wọ́n bá ti yà sí mímọ́, ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀ mọ́. Mọ́wùnmí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Daddy." Kò sọ ti bẹ́ẹ̀dì. Kí ló fẹ́ sọ? Ibòmíràn wo ló ní?

Wòlíì ní kó sọ ohun tó ń fẹ́. Mọ́wùnmí kúnlẹ̀.

"Olúwa, rán ẹni tí yóò máa ṣe ìyá fún Leah nígbà tí mi ò bá sí nílé."

Àwọn méjèèjì ṣe àmín. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó sọ bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, òun àti ọmọ sùn.

Ọ̀sán ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Á gbé bẹ́ẹ̀dì dìde kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé, á bá a nílẹ̀. Pílò á ti tẹ̀ wọnú. Ó fọwọ́ kan aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Waheedah, aládùúgbò tó ń bá a mú Leah bọ̀ láti ilé ìwé, tó sì ń jókòó tì í, sọ pé pálọ̀ ni àwọn máa ń wà, àwọn kì í wọ yàrá. Isaac wá yẹ irin bẹ́ẹ̀dì wò. Ó fà á, ó tì í. Kò mì. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò dúró mu tíì tí wọ́n gbé fún un.

Ara Mọ́wùnmí kò lélẹ̀ mọ́. Bó bá ń wẹ arúgbó, ọkàn rẹ̀ wà ní yàrá. Ó fẹ́ pe wòlíì, ó rántí ohun tó fi pa mọ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Leah ní tirẹ̀ ń sanra, ó ń kọrin. Kó tó wọ yàrá, á bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Mọ́wùnmí tètè dé. Ó bá Waheedah lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ tún jáde ni?" Waheedah bi í.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti shift ni."

"Mo gbọ́ ohùn yín nínú room, ẹ̀ ń bá Leah sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe lọ dáná."

Mọ́wùnmí ṣílẹ̀kùn. Ó wọlé. Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Òjò nìkan ló ń dún lójú fèrèsé.

"Leah."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí díẹ̀, ọmọ náà yọrí. Wọ́n ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú, òróró ṣì ń dán lórí rẹ̀. Mọ́wùnmí kò tí ì dirun fún un rí. Ọmọ náà kì í gbà.

"Auntie, ẹ rọra," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mummy ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn."

Mọ́wùnmí fẹ́ sọ pé òun ni Mummy. Orúkọ tó ti ń retí láti ìgbà yìí wá, wọ́n ti fún ẹlòmíràn. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, Leah sún sẹ́yìn. Nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì dún, ẹnìkan ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí rẹ̀.

Leah bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ máa sùn, Mummy," ó ní. "Auntie ni."

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.