Táyà Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ Funfun

Bàbá Kòkúmọ́ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà bí ẹni tí ń wò bóyá ibà wà lára ọmọ. Oòrùn àárọ̀ ń gba àárín ewé máńgòrò wọlé, ó ń tàn sára ọkọ̀ ìjàpá kékeré náà, èyí tó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Àṣìkẹ́, ti jáde láyé. Fadékẹ́mi, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ayétòrò, dúró tì í pẹ̀lú akísà lọ́wọ́.

"Micah, àbígbẹ̀yìn mi, ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe," ni Bàbá wí. "Táyà ló kù. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ mi. Ojú tìrẹ ni n ó fi yan táyà."

Ohun kan ṣoṣo ni arúgbó náà ń fẹ́. Ní ọjọ́ Ìkórè, ó fẹ́ kí ọkọ̀ yìí gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Ìmàsàyí, níbi tí ó ti gbé Àṣìkẹ́ níyàwó nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà, kí òun tún fi ojú ara òun rí ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà ti sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ tó kù nínú ojú náà kò ní pẹ́ tán.

Ó ní kí táyà náà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àtijọ́, nítorí pé táyà fífẹ̀ òde òní yóò dà bí bàtà sójà lẹ́sẹ̀ ìyàwó. Ó tún kìlọ̀ pé kí ó jẹ́ tuntun, kí ó má sì gba ọ̀nà fàyàwọ́ wọlé. Ìkìlọ̀ yìí kò rọrùn láti pa mọ́, nítorí pé ìjọba ti ti ẹnubodè, àwọn ọjà tó máa ń ti Àjàṣẹ́ wọ̀lú wá ti di ohun tí à ń fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ béèrè.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lọ́kàn Fadékẹ́mi. Àwòrán ìgbéyàwó Bàbá àti Àṣìkẹ́ wà lára ògiri pálọ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ àgbà a máa gbé e kalẹ̀ fún un, a fi aṣọ nù ún, a sì máa sọ ìtàn ọjọ́ náà títí oorun yóò fi gbé ọmọ lọ. Nínú àwòrán náà, ẹ̀gbẹ́ táyà ọkọ̀ náà funfun roboto bí òrùka. Fadékẹ́mi ti ṣe fọ́ńté fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí ọkọ̀ náà yóò ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

"Ọkọ̀ tí ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀?" ni Toheebat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. "Bí ó bá dé Ìmàsàyí, kí o wá pè mí kí n wá bá yín tì í bọ̀."

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlaro, ó rí táyà tuntun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì bá ọkọ̀ náà mu, ṣùgbọ́n ó dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò. Ó wò ó, ó yí ojú kúrò. Ọ̀dọ̀ Bánjí ló gbà lọ, ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń fi ọ̀kadà gba ọ̀nà igbó láàárín Ọjà-Ọ̀dàn àti ẹnubodè. Bánjí ṣí tapólì sẹ́yìn: táyà mẹ́rin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ni, bí ẹni pé wọ́n yọ wọ́n láti inú àwòrán náà.

Fadékẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí i pé níbi tí funfun àti dúdú ti pàdé, rọ́bà náà ti la wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́.

"Bọ̀dá Bánjí, ó ti sán."

"Ọyẹ́ ló mú un díẹ̀," ni Bánjí dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwa èèyàn náà kì í fi ìpara ra ẹsẹ̀ ni? Bí a bá fi ìpara bàtà ra á, ta ni yóò mọ̀?"

Ọmọbìnrin náà fi èékánná ha ojú sísán náà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun padà sí Ìlaro. Ó rántí ẹnu Toheebat, ó rántí àwòrán, ó sì gba táyà náà.

Nígbà tí wọ́n gbé e délé, Bàbá fi ọwọ́ pa á yíká. Ìpara ti dí gbogbo ojú sísán náà.

"Ó ń jọ̀lọ̀. Ṣé tuntun ni? Níbo lo ti rà á?"

"Tuntun ni, Bàbá. Ìlaro ni."

Arúgbó náà kò bi í mọ́. Ó fọkàn tán ojú tí ó yá lò.

Lọ́jọ́ Ìkórè, Micah, àbígbẹ̀yìn Bàbá, ti Abẹ́òkúta dé láti wa ọkọ̀. Ó tẹ táyà, ó lejú, ó ní ó le bí awọ gbígbẹ. Fadékẹ́mi yára fèsì pé Bàbá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Micah ṣílẹ̀kùn, ó wọlé sídìí ọkọ̀, nítorí ta ni yóò bá Bàbá jiyàn?

Wọ́n gbéra. Ayọ̀ kún ojú Bàbá. Ó ń nàka sí ibi tí Àṣìkẹ́ ti ní kó dúró kí òun ṣa àgbálùmọ̀, ó ń nàka sí odò tí wọ́n ti ń pọnmi fọ ọkọ̀. Àwọn tó ń lọ sóko ń juwọ́ sí wọn. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí táyà iwájú bú gbàù bí ìbọn. Ọkọ̀ yà bàrá sínú oko ẹ̀gẹ́, ó sì fi orí sọ òkìtì ọ̀gán. Ọwọ́ Bàbá kán. Orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé e sí padà sí ilé ìwòsàn, nígbà tí àwọn olùjọsìn ń kọ orin Ìkórè lọ́hùn-ún.

Lẹ́bàá ibùsùn Bàbá, Fadékẹ́mi kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Micah fẹ́ bínú sí i, Bàbá gbé ọwọ́ tó yè sókè dá a dúró.

"Kí ló dé tí funfun yẹn fi wù ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Àwòrán ìgbéyàwó yín ni, Bàbá. Mo fẹ́ kó rí bí ó ṣe rí nígbà náà."

Bàbá rẹ́rìn-ín kan tó mú omi jáde lójú rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì ni," ni ó wí. "Táyà mi dúdú bí ti gbogbo ayé. Àṣìkẹ́ ló rí ọkọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun nínú kàlẹ́ńdà kan tó wù ú. Mo kó àfọ́kù ṣọ́ọ̀kì kíláàsì mi, mo pò ó pọ̀ mọ́ omi, mo fi kùn ún. A ya àwòrán tán, òjò dé, ó fọ̀ ọ́ dànù. Ìyá rẹ àgbà rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Táyà ló gbé wa délé, Fadékẹ́mi. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì."

Kí ọwọ́ Bàbá tó san, kí wọ́n sì tó tún iwájú ọkọ̀ ṣe, ọyẹ́ ti wá, ó ti lọ. Ojú Bàbá sì ti ṣú. Kò rí ọ̀nà Ìmàsàyí mọ́ láéláé.

Síbẹ̀, wọ́n lọ. Fadékẹ́mi ra táyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ti Ìlaro, ó po ṣọ́ọ̀kì, ó fi kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá fi ìka tọ òrùka náà yíká, ó gbé ìka sí imú.

"Òórùn kíláàsì mi nìyí," ni ó wí. "Ó yá, jókòó tì mí. Máa sọ ohun tí o bá rí fún mi. Bí ó bá ṣe rí gan-an ni kí o sọ ọ́."

Ó ń sọ ọ́. Wọ́n dé ibi igi àgbálùmọ̀. Irọ́ dídùn kan wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

"Bàbá, wọ́n ti gé e. Kùkùté rẹ̀ ló kù."

Bàbá mí kanlẹ̀. "O ṣeun," ni ó wí.

Ọjọ́ náà ni Fadékẹ́mi mọ̀ pé ẹwà tí kò ní òtítọ́ nínú kì í gbé ènìyàn débi kankan, àti pé ẹni tí a bá ń fi ojú rẹ̀ ríran kò gbọdọ̀ fi ojú náà purọ́ fún wa.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, òjò àkọ́rọ̀ dé. Fadékẹ́mi yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá, ṣọ́ọ̀kì ti ń ṣàn lọ."

"Táyà ńkọ́?"

"Ó ń yí, Bàbá."

Arúgbó náà fẹ̀yìn tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bí Àṣìkẹ́ ti rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní, títí wọ́n fi délé.