Ìbò Tó Pín Misí àti Jíbọ́lá Níyà

Níbi ìsìnkú Onọ́rébù Ọláńrewájú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni Olúyẹ́misí ti kọ́kọ́ rí Jíbọ́lá. Òjò ká wọn mọ́ àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Oǹdó. Jíbọ́lá, olùkọ́ yunifásítì kan láti Àkúrẹ́, bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo Misí lórí.

"Aṣọ yín á bàjẹ́," Misí wí.

"Irun yín ló jọ mí lójú."

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "ẹ" ti di "o", Misí ti di Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ìfẹ́ sì ti wọ̀ wọ́n lára. Adébùsóyè, bàbá Misí, fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. "Ọmọ mi" ló ń pè é.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde ìbò láti fi ẹlòmíràn rọ́pò Onọ́rébù Ọláńrewájú ní ilé aṣòfin l'Ábùjá. Ogún ọdún ni àga náà ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú òun àti Bàbá Misí. Bàbá Misí ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń kó èsì jọ, orúkọ Jíbọ́lá sì jáde fún wọ́ọ̀dù kan. Ó fẹ́ yọ ara rẹ̀; Bàbá bẹ̀ ẹ́ kó má yọ.

Lọ́jọ́ ìbò, ìwé èsì ibùdó kan dé iwájú rẹ̀. Ọgọ́fà èèyàn ló wá dìbò níbẹ̀, ẹgbẹ̀ta ìbò ló wà nínú ìwé. Bàbá pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, buwọ́ lù ú."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má fi èyí dán mi wò."

Ó fagi lé e. Ìbò igba lé díẹ̀ ni ẹgbẹ́ alátakò fi borí, wọ́n sì gba àga náà. Bí rédíò ṣe ń kéde rẹ̀ ni Bàbá ṣubú. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ohùn rẹ̀ sì lọ.

"Ẹni tó gbé ọkọ mi ṣubú kò ní di àna mi," Màmá wí. Gbogbo ẹbí sì gbè é.

Misí wọkọ̀ lọ bá Jíbọ́lá l'Ákùúrẹ́.

"Ṣé mo ṣe àìdáa ni, Àbẹ̀kẹ́?"

"O ò ṣe àìdáa. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sẹ́nu Bàbá. Mi ò lè ti ibẹ̀ wá sílé rẹ."

Jíbọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí, àwọn méjèèjì sunkún. Misí padà s'Óǹdó.

Ó lé lọ́dún kan kí ohùn Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ Misí mú.

"Jíbọ́lá... dà?"

Misí rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́. "Kì í wá síbí mọ́, sà."

"Pè é. Òun ló... jàre. Èmi ni mo ní kí wọ́n... kọ ẹgbẹ̀ta ìbò yẹn." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá gbé fóònù fún Misí.

Misí ro gbogbo rẹ̀ fún Jíbọ́lá.

"Misí, wọ́n ti ka orúkọ èmi àti Ìbùkúnọlá, àfẹ́sọ́nà mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan ká ṣègbéyàwó."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín," Misí wí. Ìfẹ́ Jíbọ́lá ò dín lọ́kàn rẹ̀ rárá.

Bàbá ń wò ó lẹ́nu. "Kí ló... wí?"

"Ó ní òun ti dárí jì yín, sà."