Ọwọ́ Òsì Nìkan Ló Wò

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni Baba Fèrè kò ti rójú jókòó. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo ojú irin, ó padà wọlé, ó tún jáde. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì, fèrè tó fi ń ní kí ọkọ̀ máa lọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àfi bí ẹni pé ọkọ̀ kankan ò lè ṣí láìjẹ́ pé òun yọ̀ǹda!

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Àbí ọ̀rọ̀ obìnrin tí ilé iṣẹ́ reluwé tuntun rán wá sádùúgbò ló ń dà yín láàmú? Ó ní látòní lọ, ọkọ̀ lè gba apá ibi tó bá wù ú wá lórí irin méjèèjì. Ó ní ká máa gba ẹnu géètì tí wọ́n ṣe fún sísọdá irin, ká sì wo ọ̀tún, ká wo òsì."

"Ọmọ àná! Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ojú irin?"

Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé iṣẹ́ reluwé mẹ́ta ló pín agbègbè náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ti Etí Òkun jẹ́ aláwọ̀ ewé, ti Òkè pupa, ti Odò funfun. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kì í wọ ọkọ̀ èkejì, èrò á bọ́ sílẹ̀ ní ààlà, á gbẹ́rù lọ wọ òmíràn. Ìgbà tó yá, wọ́n pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ilé iṣẹ́ tuntun kan, ìlànà sì ń yí padà. Ṣùgbọ́n ìlànà ti Etí Òkun, tí Baba Fèrè bá ṣiṣẹ́, ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà náà, ọwọ́ òsì nìkan ni ọkọ̀ ń gbà wá lórí irin tó sún mọ́ ilé rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ láti kékeré.

Ọmọ náà ti di aránṣọ báyìí. Ó fi maṣíìnì ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ó gbé báàgì aṣọ iléèwé tó rán tán jáde.

"Ọ̀gá iléèwé ti ń pè mí ṣáá. Màámi, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa gbà."

"Gba géètì, ọmọ mi. Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Jẹ́ kó máa lọ," ni Baba Fèrè dá sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló mọ ojú irin ju ọmọ gáàdì lọ?"

Ọmọ náà dé irin àkọ́kọ́, ó wo òsì, kò rí nǹkan kan, ó gbẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ti yọ. Awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Ó gbá ọmọ náà, ó kọjá ilé wọn, ó kọjá ilé aládùúgbò, kó tó dúró. Baba Fèrè ti fi fèrè sẹ́nu, ó ń fọn ọ́n kíkankíkan, kò sì dá nǹkan kan dúró.

"Ẹ̀mí rẹ̀ ò bọ́," ni dókítà sọ fún wọn nílé ìwòsàn. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún la ò rí gbà là."

Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ maṣíìnì nìyẹn. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí ọmọ lajú, bàbá rẹ̀ ló wò. "Bàámi, mo wò o. Ibi tí ẹ ní kí n máa wò ni mo wò."

Ojú ti Baba Fèrè, ó sì dùn ún dé egungun.

Kò tíì rójú jókòó di òní. Ẹnu géètì ló ń wà láràárọ̀, tó ń fọn fèrè mọ́ àwọn tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

"Ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin kúrò létí! Bí ọ̀kan bá kọjá, ẹ tún dúró, òmíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀!"

"Ṣebí gáàdì ni yín, Baba," ni ọ̀dọ́kùnrin kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ sọ apá ibi tó ń bọ̀ fún wa, ká ráyè lọ."

"Mi ò mọ̀," ni Baba Fèrè dáhùn. "Ìwọ náà ò mọ̀. Wo méjèèjì."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí ojú irin kan wà nítòsí ilé rẹ tó o mọ̀ bí ẹní mowó. Àwọn tó ni ín lè ti yí ọwọ́ tí ọkọ̀ ń gbà wá padà láìjẹ́ pé o gbọ́. Gba géètì, dúró, wo méjèèjì, kó o sì kọ́ ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀, torí ibi tó o bá ní kó máa wò ló máa wò.